Kámú Tí Dákẹ́-Kí-N-Gbọ́ Fi Sílẹ̀

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó rẹ̀, Dákẹ́-Kí-N-Gbọ́ ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ìyàwó tuntun lọ sí gbọ̀ngàn. Ó gbé e débẹ̀ láyọ̀, ó gbé e débẹ̀ lásìkò. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: ó débẹ̀ tán, kò dúró.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ dúró o. Ọkọ̀ ni kò gbà fún un. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó ni mẹkáníìkì yìí tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ kiri ìgboro, ó yọ kámú jẹ́jẹ́ tó bá ọkọ̀ náà wá, ó sì ki kámú ńlá bọ̀ ọ́, irú èyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje ń lò. Ẹni tí kò bá mọ kámú, kó fara balẹ̀ kó gbọ́. Irin gígùn kan ni, tó ní kókó-kókó lára, tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn kókó yẹn ló ń ti fáàfù ṣí, fáàfù ló sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Bí kókó bá ga, ẹ́ńjìnnì á mí kanlẹ̀, ọkọ̀ á sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó dúró sójú kan kó máa mí jẹ́jẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sìlóò, wàhálà dé. Á gbọ̀n, á wúkọ́, á sì kú.

Bí Dákẹ́-Kí-N-Gbọ́ ṣe yí gbọ̀ngàn ká lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣe bí ara ayẹyẹ ni. Ó tún yí i ká. Àtẹ́wọ́ dín kù. Nígbà tó yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó tuntun ti fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mú lẹ́yìn ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ dúró!"

"Bí mo bá dúró, ó máa kú. Bó bá kú báyìí tí ara ẹ̀ gbóná, kò ní jí mọ́ lónìí. Ṣí ilẹ̀kùn!"

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ṣí ilẹ̀kùn, mo ní! Màá rọra máa lọ. Ọkọ ẹ á gbà ẹ́!"

Ọkọ ìyàwó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ bàtà tuntun, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bàtà kan yọ. Kò wẹ̀yìn. Ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó fà á bọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì ṣubú sínú òdòdó tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Títí dòní ni ọkùnrin náà ń sọ ọ́ káàkiri pé, "Gbogbo ọkùnrin ló ń fọ́nnu pé àwọn sá tẹ̀lé ìyàwó àwọn kí àwọn tó rí i fẹ́. Èmi nìkan ni mo ní ẹlẹ́rìí."

Ta ni ìtìjú bá bí kò ṣe aya Dákẹ́-Kí-N-Gbọ́? Ó jáde síta, ó dúró sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́. "Bàbá, ṣé kò tó báyìí? Wọ́n ti ń gbàdúrà nínú ilé!"

Ọkọ rẹ̀ yọ orí jáde lójú fèrèsé, ó di ojú kan, ó sì gbé ìka sókè bí olùkọ́. "Dákẹ́ kí n gbọ́," ó ní. "Ó jọ pé fáàfù kẹta ń sọ nǹkan."

Ó ti di olóògbé báyìí. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ṣì wà ládùúgbò, ẹni tó ni ín ló ti lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí táyà àlòkù níwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Àwọn tó ń kọjá rò pé ó ń gbọ́ nǹkan ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n dákẹ́ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé omi tútù wá fún un, òun ló sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ń gbọ́ mọ́.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni àdúgbò ń pe ìyàwó yìí. Aránṣọ ni. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ògiri náà ò sì nípọn. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni ó ti ń ránṣọ sínú ariwo. Bí wọ́n bá ta ẹ́ńjìnnì jí lọ́hùn-ún, agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí tábìlì níbí, á rìn títí á fi já bọ́, Ìyá Abẹ́rẹ́ á wá máa ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, á máa ṣépè fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi bẹ ọkùnrin yìí pé kó dín ariwo kù. Ó wá dákẹ́ wàyí. Agolo abẹ́rẹ́ jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, Ìyá Abẹ́rẹ́ kò sì mọ ohun tí èèyàn ń fi irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Nígbà mìíràn á da ẹsẹ̀ dúró lórí maṣíìnì, á kan ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń kàn án tí oúnjẹ bá délẹ̀. Lẹ́yìn náà á rántí.

Àwọn èèyàn tó wá kí i ò lè ṣe kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ọ̀rọ̀ búrẹ́dì. Ìyá Abẹ́rẹ́ po ìyẹ̀fun sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣèpàdé nílé, ó bò ó kó lè wú. Ọkọ rẹ̀ wọlé wá mu omi, ó rí i. Ó bu ìṣù kan níbẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí písítìnì, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ó to ẹ́ńjìnnì pa dà, ó fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, ó sì tún un tú. Ó fẹ́ rí bí fáàfù ṣe tẹ ìyẹ̀fun náà tó ni, torí kámú tó bá ga jù, fáàfù á sọ̀ kalẹ̀ gbá písítìnì lórí, gbogbo rẹ̀ á sì fọ́. Ọgbọ́n gidi ni, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n, àmọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni àwọn tó kù ń lò. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí ni pé nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, ó dá ìyẹ̀fun pa dà sínú abọ́.

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé búrẹ́dì kalẹ̀. Ìyá ẹgbẹ́ gé e jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu títí. "Ìyá Abẹ́rẹ́, irú òróró wo lẹ fi ṣe búrẹ́dì yìí?"

Kí Ìyá Abẹ́rẹ́ tó fèsì, ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà wá. "Ẹ má fòyà, Ìyá. Ọ́ìlì tuntun ni. Mi ò tíì dà á sínú mọ́tò kankan rí."

Tàbí ọ̀rọ̀ irunmú. Mẹkáníìkì mìíràn wà ní òdìkejì òpópónà, Ìwé-Ló-Wí, bàbá tínínrín kan tí kì í so nọ́ọ̀tù kan láìwo ìwé tó bá mọ́tò wá. Àwọn méjèèjì ti ń bára wọn jiyàn láti ìgbà tí irun ti dúdú lórí wọn. Ìwé-Ló-Wí á ní ìwé ni kí a fi mọ ibi tí kámú yóò dojú kọ. Dákẹ́-Kí-N-Gbọ́ á fi igi gbọọrọ kan ti ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí igi ti etí, á ní etí òun ni ìwé òun. Lọ́jọ́ kan, etí ṣì í. Ó fi eyín kan, ìyẹn eyín irin tí ṣéènì ń kọ́, ṣi ṣéènì kámú gbé, ó ta ọkọ̀ jí, iná bù jáde lẹ́nu kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń bá afẹ́fẹ́ pàdé, ó sì jó irunmú rẹ̀ apá ọ̀tún lọ ráúráú.

Ìwé-Ló-Wí fò kọjá títì. "Eyín kan! Eyín kan lo fi ṣì í! Ìwé wí bẹ́ẹ̀!"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni," Dákẹ́-Kí-N-Gbọ́ dáhùn, èéfín ń jáde nímú rẹ̀. "Mo fẹ́ wo nǹkan kan ni."

Kò fá ìdajì tó kù. Ó ní tí òun bá fá a, á jẹ́ pé òun gbà pé òun jẹ̀bi. Ṣọ́ọ̀kì ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ ló ń lò láràárọ̀ láti ya ìdajì tó jó. Aláwọ̀ sánmà ni ṣọ́ọ̀kì náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Ó mọ̀ ọ́n dójú ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin olùkọ́ kan gbé ọkọ̀ wá bá a, ó ní kámú tó tóbi jù lọ lòun fẹ́.

"Níbo lò ń gbé ọkọ̀ yìí lọ?"

"Ibi iṣẹ́ ni, sà. Nígbà mìíràn, ilé ìyá mi."

"Ta ló ń jókòó lẹ́yìn?"

"Ìyàwó mi. Àti ọmọ wa."

"Ṣé ọmọ náà máa ń sùn nínú ọkọ̀?"

"Kíá báyìí, sà. Ká ṣáà ti gbéra ni."

"Kò ní sùn mọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Búrékì ọkọ̀ rẹ, èémí tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú ló ń bá a rọ̀. Kámú ńlá kì í fa èémí dáadáa tó bá ń sìlóò. Wàá dé oríta, wàá tẹ búrékì, á le bí òkúta. Kì í ṣe kámú tó tóbi jù ló dáa jù. Èyí tó bá ìrìn ẹsẹ̀ rẹ mu, tó bá ẹni tó ń jókòó tì ọ́ mu, òun ló dáa." Kékeré ló bá a fi sí i. Ọmọ náà ṣì ń sùn nínú ọkọ̀ wọn di bí a ti ń wí yìí.

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. "Ẹ gbọ́ ná, Bàbá! Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fún ará ìta, kí ló dé tẹ́ ò mọ̀ ọ́n fún ará ilé?"

"Ọkọ̀ tèmi, ìpolówó ọjà ni!"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn, ó ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀la ni òkú rẹ̀ yóò pé oṣù mẹ́ta nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá. Ọ́fíìsì ni àbúrò yìí ń ṣiṣẹ́, Akọ̀wé-Mi ni Ìyá Abẹ́rẹ́ sì sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣì wà lójúde, tí wọ́n fi ògbólógbòó aṣọ ìbora bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ni. Wẹ́dà tó fẹ́ gba ibi iṣẹ́ yẹn ní òun ò ríbi gbé irin òun sí. Mo ti bá àwọn tó ń kó irin àlòkù sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀."

"Kí wọ́n wá ṣe kí ni, Akọ̀wé-Mi?"

"Kí wọ́n wá gbé e lọ ni. Ó ti kú."

"Ta ló kú?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ọkọ̀ ni mò ń sọ o."

"Kò tíì kú. Ṣe ni kò tíì jí. Kámú tuntun ni Bàbá fi sí i, kò sì tíì ta á jí kó tó lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyàwó wa." Kò yíjú wo ọkọ̀ náà. "Inú tèmi náà ò dùn. Tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà kí n má bàa rí i."

"Mo gbà. Kí wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó gbé e."

Kò sọ ìdí fún un. Ìdí ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó kú ni ìyá tó bí Ìyá Abẹ́rẹ́ wà ní ọsibítù. Wọ́n ránṣẹ́ pé kó tètè máa bọ̀. Dákẹ́-Kí-N-Gbọ́ gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sáré dé oríta, ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ na ọwọ́, wọ́n dúró. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó wúkọ́, ó kú. Ọkọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ki orí bọ̀ ọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ pé, "Bàbá, ìyá mi, ìyá mi." Ọkùnrin yìí kò gbé ojú sókè. Ó kàn gbé ìka.

"Dákẹ́ kí n gbọ́."

Ẹsẹ̀ ni Ìyá Abẹ́rẹ́ fi sáré dé ọsibítù. Wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ lójú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ọ́ìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Kò sọ pé kó má bínú. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ìyá Abẹ́rẹ́ náà ò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ pé kò wọ ọkọ̀ náà mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n sìnkú tán ni ó ń gbọ́ sípánà lẹ́yìn ògiri. Ó jáde, ó bá a tó ti tú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ pátápátá. Inú bí i. "Ìyá mi ò tíì jẹrà, ẹ tún ti ń ṣeré! Kámú wo lẹ tún fẹ́ ki bọ̀ ọ́? Èyí tó tún ju tàkọ́kọ́ lọ ni, àbí?"

Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó sì tún wo irin tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ tó fi àkísà wé. "Nígbà tó bá jí," ó ní, "wàá gbọ́."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n sọ lórí ọkọ̀ náà. Ohun tó ń jẹ Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ́kàn nìyí, tí kò jẹ́ kó rí oorun sùn: ọkùnrin tó fi gbogbo ayé ní kí wọ́n dákẹ́ kí òun gbọ́, ṣé ó gbọ́ òun rí? Ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jí tó ń gbọ̀n tó ń wúkọ́, á jẹ́ pé eré ló ń ṣe lóòótọ́. Ó rò pé ó sàn kí òun mọ̀.

Ó kọjá sí òdìkejì òpópónà. Ìwé-Ló-Wí ń ka ìwé mọ́tò, ó dojú ìwé náà délẹ̀ nígbà tó rí i.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ jókòó. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Láti ọjọ́ tó ti lọ ni mo ti ń retí yín."

"Kí ló dé tẹ́ ò wá, nígbà náà?"

"Ojú ń tì mí. Ẹni tó ń bá èèyàn jà lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ wá sọ?" Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. "Mi ò rẹ́ni bá jà mọ́, Ìyá Abẹ́rẹ́. Mo máa ń kàwé sókè ketekete báyìí, kò sẹ́ni tó ń sọ pé irọ́ ni."

Ó tẹ̀ lé e wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́, ó wo ṣéènì kámú, ó kà á lójú eyín. "Kò fi eyín kankan ṣì í lọ́tẹ̀ yìí," ó ní, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè parí rẹ̀.

"Ṣé ẹ lè mọ irú kámú tó fi sí i?"

"Inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni kámú ọkọ̀ yìí ń gbé. Àfi kí n tún un tú."

"Ẹ má tú u. Ọwọ́ rẹ̀ ló kẹ́yìn níbẹ̀."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Kámú tuntun kì í sìlóò lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jí. Kó ṣáà ti dáhùn ni, a ó ṣí tọ́tù, ẹnu ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí, a ò ní tú u sílẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí irin àti irin lè mọwọ́ ara wọn. Bó bá kọ̀ tí kò tètè jí, tí a ń yí i ní ìyíkúyìí, gíríìsì tó fi pa kámú náà á nù kúrò, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ó bàjẹ́ nìyẹn."

"Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ní."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

Ọjọ́ Sátidé pé. Ọkọ̀ tó ń kó irin àlòkù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn tó mú, awakọ̀ rẹ̀ ń jẹ̀pà. Akọ̀wé-Mi dé, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ará àdúgbò rọ́ jáde, oníkálukú ń sọ ti irunmú, ti búrẹ́dì, ti ìgbéyàwó, ẹ̀rín ń bú. Ìwé-Ló-Wí rọ epo bẹntiróòlù díẹ̀ sẹ́nu kábúrétọ̀, ó ní kí Ìyá Abẹ́rẹ́ wọlé síbi kọ́kọ́rọ́. Ó wọlé. Láti ọjọ́ oríta yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àga náà ṣì ní òórùn ọṣẹ tí ọkọ rẹ̀ fi ń fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́.

"Ẹ yí i!"

Ó yí i. Sítátà ké, ó ké, kò sí ìdáhùn. Ẹ̀rín àwọn èèyàn dá. Ó tún ké. Ojú Ìwé-Ló-Wí fún pọ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ gbá ibi kọ́kọ́rọ́ náà. "Bàbá, ẹ má ṣe mí báyìí!"

Ẹ́ńjìnnì bú jáde, gbààà! Ìwé-Ló-Wí fa tọ́tù lójú ẹsẹ̀, ó dì í mú, ó ń pariwo, "Ẹ má jẹ́ kó sìlóò! Ìwé wí bẹ́ẹ̀!" Ariwo náà kún gbogbo òpópónà. Fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn lójú. Nínú ariwo náà ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti rí àyè sunkún, ó sun ún bó ṣe tó, torí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí àkókò pé, Ìwé-Ló-Wí gbé ọwọ́ sókè. Ìyá Abẹ́rẹ́ sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá, ó gbé e lé etí bọ́dì ọkọ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó di ojú. "Ẹ tú u sílẹ̀."

Ìwé-Ló-Wí tú tọ́tù sílẹ̀.

Ariwo sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kù díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Gbogbo wọn ń retí ìgbọ̀n. Wọ́n ń retí ikọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ lajú. Agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ò mì. Ẹ́ńjìnnì náà ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi maṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán epo sí. Èèyàn á gbọ́ bí awakọ̀ irin àlòkù ṣe ń fọ́ ẹ̀pà lẹ́nu.

"Kámú kékeré ni," Ìwé-Ló-Wí ní, ó ń wò bí ẹni tó rí àrà. "Èyí tó kéré jù lọ!" Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Áà! Ó mà wá bá mi! Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ìyá yín. Ọkùnrin yìí, tí kì í fẹ́ fojú rí ìwé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wolẹ̀. Ó ní kí n bá òun wo inú ìwé, kámú wo ló yẹ ọkọ̀ tó jẹ́ pé obìnrin ni yóò máa wà á, tí kò gbọdọ̀ kú ní oríta láéláé. Mo rò pé ti oníbàárà ni. Mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, 'Etí rẹ ń kọ́?' Ó ní, 'Lórí èyí, etí mi ò tó. Mi ò fẹ́ ṣì í.'"

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò létí ọkọ̀. Ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó di sítíárì mú. Akọ̀wé-Mi sáré wá, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó tì í. Awakọ̀ irin àlòkù dìde. "Ìyá, ọkọ̀ tí mo wá gbé ńkọ́?"

"Ẹ máa jẹ̀pà yín lọ, Bàbá," Akọ̀wé-Mi dá a lóhùn. "Ẹ má bínú, kò sí irin àlòkù níbí." Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Níbo là ń lọ, Ìyàwó wa?"

"Ìrìn kan wà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ ò rìn parí."

Ó wakọ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, gba ọ̀nà ọsibítù. Wọ́n dé oríta. Ọlọ́pàá na ọwọ́. Ó tẹ búrékì, búrékì rọ̀, ọkọ̀ dúró. Ó dúró, kò gbọ̀n. Ó dúró, kò kú. Ojú ibi tó ti ń pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́sí gan-an ni wọ́n wà, ẹ́ńjìnnì náà sì ń mí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń mú sùúrù fún un.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ó ní, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́."

Ọlọ́pàá fọwọ́ pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀. Kò lọ. Ọlọ́pàá tún fọwọ́ pè wọ́n. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fọn fèrè, òmíràn fọn, gbogbo oríta dà rú. Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ orí jáde lójú fèrèsé, ó di ojú kan, ó sì gbé ìka sókè.

"Ẹ dákẹ́ jàre," ó ní, "kí n gbọ́!"

Akọ̀wé-Mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín fi di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ìyá Abẹ́rẹ́ fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ó nu ojú ara rẹ̀, ó sì wakọ̀ náà kọjá oríta.